Kọ́nrọ́ọ̀dù Tuntun: Báwo Ni A Ṣe Lè Mọ Èyí Tí Ó Dára?

Nínú gbogbo ìnáwó tí ń bá olọ́kọ̀ lójijì, kò sí èyí tí ń dun ni tó kí ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì. Bí táyà bá bẹ́, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí bíréèkì bá jẹ tán, a ó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí irin kan sì lu búlọ́ọ̀kì tí ó yọ orí síta, owó tí a ti ń dá sí àpò ẹgbẹ́ láti oṣù púpọ̀ lè bá a lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Irin tí ń yọ orí síta yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé wa ti oṣù yìí. Kọ́nrọ́ọ̀dù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní ọ̀nà méjì. Àwọn kan nínú wa ní ọkọ̀ akérò, jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn ni wọ́n ń rà á. Àwọn mìíràn ń ta sípéàpáàtì. Àwọn ni oníbàárà ń bá jà bí ọjà bá já a kulẹ̀. Nísinsìnyí, oríṣiríṣi kọ́nrọ́ọ̀dù ni ó wà lórí àtẹ. Ọ̀kan dúró bí lẹ́tà I, èkejì bí lẹ́tà H, òmíràn sì wà tí ojú ọmọrí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ohun tí ó fọ́. Kálukú ń pariwo pé tòun ni tuntun, tòun ló le jù. Ewo ni ká gbà gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ó ń ṣe ná. Ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ ní ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láìmọ̀: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so pátákó ìtẹ̀ẹsẹ̀ mọ́ àgbá ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó ń sọ ìlọsókè-sódò ẹsẹ̀ yín di yíyí, iṣẹ́ kan náà ni. Nínú ẹ́ńjìnì, písítìnì ni ó ń lọ sókè sódò, kíráńkì ni ó ń yí, kọ́nrọ́ọ̀dù sì wà láàárín. Orí rẹ̀ kékeré di písítìnì mú, orí rẹ̀ ńlá sì gbá kíráńkì mọ́ra. Orí ńlá yìí ní ọmọrí bí ìkòkò, tí a ń fi bóòtù méjì dè, nítorí pé bí kò bá ṣeé ṣí, kò sí bí yóò ṣe wọ ara kíráńkì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé títì tí iná inú sílíńdà ń tì í ni ó ń pa á. Títì yẹn wà, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n fífà ni kí á bẹ̀rù jù. Nígbà tí písítìnì bá fi eré dé òkè pátápátá láti lé èéfín jáde, kò sí iná kankan níbẹ̀ tí yóò tì í padà. Kọ́nrọ́ọ̀dù nìkan ni yóò dá a dúró tí yóò sì fà á wálẹ̀. A ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní písítìnì àti ohun tí ó bá a rìn wọn ìlàjì kílò, kí ìrìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 80 mìlímítà. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìlàjì kílò yẹn yóò fa kọ́nrọ́ọ̀dù bí ẹni pé ẹrù 260 kílò ni a so kọ́ ọ. Bí dírẹ́bà bá wá tẹ̀ ẹ́ dé 6,000, ìlọ́po méjì kọ́ ni yóò dà o, ìlọ́po mẹ́rin ni! Ó ti lé ní tọ́ọ̀nù kan nìyẹn. Báàgì sìmẹ́ńtì 20 ni, tí a so kọ́ irin kan tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, tí a ń so ó tí a ń tú u ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìdí nìyí tí àwọn ẹ́ńjìnì Lister àtijọ́ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ fi ń pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Lister CS ẹlẹ́ṣin mẹ́fà kì í yí ju ìgbà 650 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tùpù-tùpù ni ó ń lọ. Mẹkáníìkì tí ó bá ṣe ọ̀bùn díẹ̀ lára rẹ̀ ṣì lè rí àánú gbà. Ẹ́ńjìnì ayé òde òní kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Bí àwọn tí ń ṣe é ṣe ń dán an wò

Ilé iṣẹ́ tí ó bá ya kọ́nrọ́ọ̀dù tuntun kì í gbé e wá sí ọjà lọ́jọ́ kejì. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wo ibi tí ìnira yóò pọ̀ sí lára rẹ̀: ọrùn tí ó so ọ̀pá pọ̀ mọ́ orí, àti igun ibi tí bóòtù jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa dè é mọ́ ẹ̀rọ kan tí ń fà á tí ó sì ń tì í, tọ̀sán tòru. Àárẹ̀ irin ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ó bá ti tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí tí ó fi já ti mọ ohun tí à ń wí: ìtẹ̀ kan kò lè ṣẹ́ ẹ, àtẹ̀túntẹ̀ ni ó ṣẹ́ ẹ.

Iye tí wọ́n sábà máa ń fà á dé ni ìgbà mílíọ̀nù 10. Ẹ má jẹ́ kí iye náà bà yín lẹ́rù. Ẹ́ńjìnì tí ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ti yí ní ìgbà 180,000 kí wákàtí kan tó pé, nítorí náà mílíọ̀nù 10 kò ju iṣẹ́ wákàtí 56 lọ. Dírẹ́bà akérò lè ṣe é tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ń dúró níbẹ̀ nítorí pé irin tí ó bá ru ẹrù kan dé iye yìí láìṣẹ́ sábà máa ń ru ẹrù yẹn lọ títí. Alumíníọ́mù kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Bí ó ti wù kí ẹrù kéré tó, ọjọ́ rẹ̀ ń kà lọ ni.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn oníṣòwò wa fi sọ́kàn. Wọn kì í dán ẹyọ kan wò. Púpọ̀ ni wọ́n ń bàjẹ́ mọ̀ọ́mọ̀, nítorí pé kọ́nrọ́ọ̀dù tí ó jáde láti inú móòdù kan náà kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí ó kọ́kọ́ kú ni wọ́n ń fi ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe èyí tí ó pẹ́ jù. Nígbà tí ẹ bá rí ayédèrú tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti ojúlówó, ẹ rántí pé gbogbo èyí tí wọ́n bàjẹ́ yìí wà nínú owó ojúlówó. Ẹni tí ó kàn wo àwòrán tí ó sì dà á kò ná owó yẹn.

Wọ́n tún rí i pé ojú ara irin ni ìṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlà kékeré tí fáìlì fà lábùú ọ̀pá náà tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń fi atẹ́gùn fẹ́ àwọn ọta irin wẹ́wẹ́ lu ara rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ki. Bí ẹ bá rí kọ́nrọ́ọ̀dù tí ara rẹ̀ kò dán, tí ó rí bí awọ ọsàn, ẹ má pè é ní ọjà tí kò parí.

Rírọ, dídà, àti ìyẹ̀fun irin

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ tí a rọ àti ìkòkò irin tí a dà. Bákan náà ni níhìn-ín. Èyí tí a dà kò wọ́n, ó sì tó fún ẹ́ńjìnì tí kì í sáré. Èyí tí a rọ ni ó wọ́pọ̀ nínú mọ́tò àti lọ́rì. Ọ̀nà kẹta ni ti ìyẹ̀fun irin: wọn á wọn ìyẹ̀fun náà, wọn á tẹ̀ ẹ́ sínú móòdù, wọn á sun ún, wọn á sì rọ ọ́ nígbà tí ó ṣì gbóná. Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún mọ́tò tí ó pọ̀ ní ọdún 1981, Ford tẹ̀lé e ní 1986. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìwọ̀n rẹ̀ kì í yàtọ̀ síra, bí àkàrà ìyá tí ó ń fi ṣíbí kan náà bù ú sínú epo.

Àwọn kan sì ń lo titanium. Honda NSX tí ó jáde ní 1990 ni mọ́tò títà àkọ́kọ́ tí ó ní irú rẹ̀. Ó fúyẹ́ gidigidi, nítorí náà ẹ́ńjìnì yẹn lè yí dé 8,000. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, bí ó bá sì ń ra irin mìíràn lára láìní ìbòjú, ńṣe ni yóò máa họ, tí yóò máa lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń fi mọ́tò sá eré kúkúrú ń lo ti alumíníọ́mù, wọ́n sì mọ iye eré tí yóò sá kí wọ́n tó yọ ọ́ dànù. Kí ni onídáńfó fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ní ti lẹ́tà I àti lẹ́tà H, a kò rí ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ san owó lé owó nítorí rẹ̀. I ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mọ́tò ń lò, nítorí pé ó rọrùn láti rọ. H wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń sá eré. I tí wọ́n ṣe dáadáa sàn ju H jákujàku lọ.

Èyí tí wọ́n fọ́

Ibi tí a ń lọ gan-an la dé yìí. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi ayùn gé ọmọrí kúrò lára kọ́nrọ́ọ̀dù, wọn á fá ojú méjèèjì kó dọ́gba, wọn á dè é padà, wọn á sì tún ihò rẹ̀ lu kó lè yípo rébété. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń fi iná lésà tàbí irin mímú fa ìlà tínrín sínú ihò orí ńlá, wọ́n ń fi agbára ya á láti inú wá, páà! ó fọ́ sí méjì. Ford lò ó nínú ẹ́ńjìnì V8 lítà 4.6 tí ó bá Lincoln Town Car ti 1991 jáde. Àwọn ará Jámánì náà ní irin kan fún un, tí èédú inú rẹ̀ pọ̀ tó láti jẹ́ kí ó fọ́ geere láìkọ́kọ́ nà. Lónìí, ó ti wọ́pọ̀ nínú mọ́tò kéékèèké, ó sì ti wọ inú àwọn ẹ́ńjìnì dísù pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta obì, ẹ gbọ́ èyí. Bí a bá pa obì kan, tí a sì tún to àwọn awẹ́ rẹ̀ pọ̀, wọn á wọ ara wọn láìsí àyè. Bí a bá mú awẹ́ obì mìíràn sí i, kò lè jókòó. Bí kọ́nrọ́ọ̀dù yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Ojú ibi tí ó ti fọ́ ní òkè àti kòtò wẹ́wẹ́ tí kò sí irú wọn níbòmíràn láyé, nítorí náà ọmọrí kò lè yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ó dúró ṣinṣin ju ti ayùn lọ, owó tí wọ́n ń ná lórí rẹ̀ sì dín kù. Lójú tiwa, ọ̀nà yìí dára ju ti àtijọ́ lọ.

Àmọ́ ó mú ìyọnu kan wá sí ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìṣe kan wà tí ó ti mọ́ wa lára. Bí bẹ́rínì bá jẹ, tí ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ-kọ-kọ, mẹkáníìkì á ṣí ọmọrí, á fi fáìlì yún ojú rẹ̀ díẹ̀, á dè é padà kó lè fún. Owó bẹ́rínì tuntun ti yọ nìyẹn, àbí? Lára ti àtijọ́ pàápàá, ihò rẹ̀ kì í rébété mọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi bí ilé iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ bá tún un lu. Lára èyí tí wọ́n fọ́, ìfáìlì kan ṣoṣo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn òkè àti kòtò tí ń dì í mú ti lọ, kò sì sí ẹ̀rọ kan tí ó lè dá wọn padà. Ó di kí a ra òmíràn.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá kó ọmọrí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú abọ́ kan náà tí kò sì kọ nọ́ńbà sí wọn, tí ó wá de ti èkíní mọ́ ẹ̀kẹta, tàbí tí ó yí ojú rẹ̀ padà, bí ó bá ti fún bóòtù ni òkè ti pa òkè. Kò ní hàn síta. Ẹ́ńjìnì á tilẹ̀ sítáàtì. Nítorí náà, ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọrí kankan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀.” Kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí i, kí wọ́n má fi síséèlì gbẹ́ nọ́ńbà sí i lára, nítorí ọ̀rọ̀ ìlà tí a sọ lókè. Kí wọ́n má dojú rẹ̀ dé orí sìmẹ́ńtì. Kí wọ́n sì fọ ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní kí wọ́n tó dè é, torí yanrìn kan ṣoṣo láàárín òkè àti kòtò wọ̀nyẹn kò ní jẹ́ kí ó padé.

Ọ̀rọ̀ bóòtù náà ń bẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tuntun, bóòtù kọ́nrọ́ọ̀dù a máa nà díẹ̀ nígbà tí a bá fún un dáadáa, nínà yẹn ni ó sì fi ń di ọmọrí mú. Èyí tí ó ti nà lẹ́ẹ̀kan kò ní nà bákan náà mọ́. Bí ìwé mọ́tò bá ní kí a pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Sípánà tí ó ní ìwọ̀n ni kí wọ́n sì lò, kì í ṣe agbára apá.

Ohun tí oníbàárà lè ṣe fúnra rẹ̀

A kò lè fà á ní ìgbà mílíọ̀nù 10 ní Ládípọ̀. Ṣùgbọ́n a lè wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta kòkó rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ẹ lo òṣùwọ̀n oníwúrà tí ń ka gíráàmù, kí ẹ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ wọn kò yẹ kó ju gíráàmù díẹ̀ lọ. Ìwé mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi okùn gbé orí kékeré kọ́, kí orí ńlá nìkan jókòó lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ tún ka iye rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àpapọ̀ ìwọ̀n méjì dọ́gba, kí orí wọn má sì dọ́gba, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n.

Bí ó bá jẹ́ Bẹ́ljíọ̀m ni ẹ fẹ́ rà, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bí orí ńlá bá ti di búlúù bí ọrùn ẹyẹlé, ọ́ìlì ti wọ́n ọn rí, ó sì ti gbóná kọjá ààlà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Bí àwọ̀ bá dára, ẹ rẹ ẹ́ sínú epo kẹrosíìnì di ọjọ́ kejì, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi ẹfun lẹ́búlẹ́bú pa á lára. Bí ó bá ti là níbì kan, kẹrosíìnì á yọ láti inú ìlà náà, á sì fa ìlà dúdú sórí ẹfun. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ kì í rí ìlà tí kò tíì yọ sójú.

Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá omi ti mu ọkọ̀ tí wọ́n ti tú u rí. Omi kì í ṣeé fún mọ́lẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá fa omi àgbàrá mu nígbà òjò, písítìnì á gbá omi náà, kọ́nrọ́ọ̀dù á sì tẹ̀. Ó lè tẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò ní rí i, tí mọ́tò á sì máa lọ fún oṣù mélòó kan. Bí a bá ti ṣí orí ẹ́ńjìnì, kí wọ́n wọn ibi tí písítìnì kọ̀ọ̀kan gòkè dé. Èyí tí kò bá gòkè dé ibi tí àwọn yòókù dé, kọ́nrọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kúrú nìyẹn.

Nígbà tí ó ṣẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ayédèrú nìkan ni ó ń bàjẹ́. Ní 2018, Nissan gbé ẹ́ńjìnì kan jáde nínú Infiniti QX50, tí kọ́nrọ́ọ̀dù rẹ̀ kò di kíráńkì mú tààrà mọ́. Wọ́n fi irin mìíràn sáàárín, tí ń jẹ́ kí písítìnì lè gòkè díẹ̀ sí i tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ bí ẹrù bá ti rí, kí epo má baà ṣòfò. Ọgbọ́n ńlá ni, a kò lè tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkèé tí ó pọ̀ sí i ni bẹ́rínì tí ó pọ̀ sí i. Ní 2025, Nissan ní kí wọ́n dá ọkọ̀ tí ó ju 440,000 lọ padà fún àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà nítorí bẹ́rínì inú irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 kan náà, General Motors pe ọkọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600,000 padà níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ ńlá ti 2021 sí 2024 tí wọ́n ní ẹ́ńjìnì V8 lítà 6.2. Kọ́nrọ́ọ̀dù àti kíráńkì ni ọ̀ràn náà, àbùkù láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Wọ́n ní kí wọ́n yẹ ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tí kò bá yè é, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó bá yè é, kí wọ́n yí ọ́ìlì rẹ̀ padà láti 0W-20 tí ó ṣàn bí omi sí 0W-40 tí ó ki jù ú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, irú ọkọ̀ wọ̀nyí, Tahoe, Yukon, Escalade, wà lára àwọn tí ń wọlé wá. Nọ́ńbà ṣaṣí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ti yẹ ọkọ̀ kan wò tàbí wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, kí ẹ fún ọmọ yín tí ó wà lọ́hùn-ún tàbí ẹni tí ó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò kí ó bá yín wò ó, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.